Káàdì ọdọọdún fún ọgbà ìgbafẹ́ Amẹ́ríkà: Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ẹni tó wà nínú ọkọ̀

Bí ìgbà ooru bá ti wọlé l'Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ iléèwé gba ìsinmi, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé ni í kó ìyàwó, ọmọ àti ìyá tó wá kí wọn láti ilé sínú ọkọ̀, tí wọ́n á sì kọjú sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan á lọ wo ọ̀gbun ńlá tó wà ní Grand Canyon, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Àwọn tó ń gbé ní Maryland á gba ọ̀nà òkè Shenandoah lọ ní Virginia. Àmọ́ ẹnu géètì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dójú ẹ̀. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ọgbà yóò ti béèrè pé, ṣé ẹ ní káàdì ọdọọdún ni, àbí ẹ fẹ́ sanwó? Ẹni tí kò bá mọ bí káàdì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lè san owó tí kò yẹ kó san, ó sì lè fowó ra káàdì tí kò ní í wúlò fún un.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i láti January 1, 2026, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ya owó tí ará ilé ń san sọ́tọ̀ kúrò lára ti àlejò. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún, àti àwọn òbí tó ń múra láti lọ kí wọn, mọ bí ètò náà ṣe rí.

Kí ni káàdì náà ń ṣe?

Kì í ṣe páàkì tí a ti ń wọ ọkọ̀ là ń sọ o. Ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni igbó, òkè, odò àti ilẹ̀ tí ìjọba dáàbò bò kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ di oko tàbí ilé, irú èyí tí Old Oyo National Park jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọdún 1872 ni Amẹ́ríkà ti ya Yellowstone sọ́tọ̀. Ní 1916, wọ́n dá àjọ National Park Service sílẹ̀ láti máa bójú tó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ibi tó wà lábẹ́ àjọ náà lé ní 400. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í gba owó ẹnu géètì rárá, àmọ́ àwọn tó gbajúmọ̀ jù ń gbà á. Ní Grand Canyon, Yellowstone àti Zion, dọ́là 35 ni ọkọ̀ kan ń san, owó náà sì wúlò fún ọjọ́ 7. Ní Shenandoah, dọ́là 30 ni.

Káàdì ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní America the Beautiful, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ló ń dúró gẹ́gẹ́ bí owó ẹnu géètì yìí. Dọ́là 80 ni fún ará ilé. Ibi tó ju 2,000 lọ ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ 6, tó fi mọ́ àjọ tó ń bójú tó igbó ọba àti èyí tó ń dáàbò bo ẹranko inú igbó.

Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó lórí ọkọ̀, káàdì kan ṣoṣo kárí ẹni tó ni ín àti gbogbo àwọn tó bá a jókòó nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ pé orí èèyàn ni wọ́n ti ń gbowó, ó kárí ẹni tó ni ín àti àgbàlagbà 3 mìíràn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í sanwó ní tirẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ni káàdì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì fi ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò hàn. Èèyàn kò lè yá ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò ní káàdì rẹ̀. Bó bá sì sọnù, tuntun ni wọ́n máa ní kí ẹ rà.

Ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó rà á

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ìdílé kan bá fẹ́ lọ sí Grand Canyon àti Zion nìkan láàárín ọdún kan, dọ́là 70 ni wọn yóò san lẹ́nu géètì méjèèjì. Káàdì dọ́là 80 kò tíì mú èrè wá fún irú wọn. Àmọ́ bí wọ́n bá fi Bryce Canyon tó wà nítòsí Zion kún un, owó náà di dọ́là 105. Níbẹ̀ ni káàdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbè wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ọgbà tún ní káàdì ọdọọdún tiwọn, tí kò ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ti Shenandoah jẹ́ dọ́là 55. Ẹni tó ń gbé nítòsí, tó sì ń lọ síbẹ̀ léraléra láì lọ sí ọgbà mìíràn, kò nílò èyí tó jẹ́ dọ́là 80.

Ọjọ́ tí ẹ bá rà á náà ṣe kókó. Ìparí oṣù ni káàdì máa ń kú, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Ẹni tó rà á ní June 2, 2026 àti ẹni tó rà á ní June 29, ọjọ́ kan náà ni ti àwọn méjèèjì yóò parí, ìyẹn June 30, 2027. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ tán, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló yẹ kó rà á.

Ẹni tó bá sì rò pé owó náà kàn ń wọ àpò ìjọba lásán, kí ó mọ̀ pé òfin ní kí ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 owó tí wọ́n bá gbà lẹ́nu géètì dúró sí ọgbà tí wọ́n ti gbà á, fún àtúnṣe ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn.

Ìyá àgbà àti ọmọ kíláàsì kẹrin

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pàdánù rèé. Bàbá ilé á yọ dọ́là 80 sílẹ̀, láì mọ̀ pé ẹni tó lè ṣí géètì lówó pọ́ọ́kú, tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, ló jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn.

Ẹni tó bá ti pé ọdún 62, tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card, lè gba káàdì àgbà. Dọ́là 20 ni ti ọdún kan. Èyí tí yóò lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́ dọ́là 80. Dọ́là 10 péré ni káàdì ọjọ́ ayé yìí tẹ́lẹ̀, kó tó di pé wọ́n fowó lé e ní August 2017. Bí àgbà náà bá ń ra ti ọlọ́dún kan, tó sì kó 4 jọ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ti ọjọ́ ayé. Gbogbo ẹni tó bá a wà nínú ọkọ̀ ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó wá pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bó tilẹ̀ pé ó ti pé 80 ọdún.

Ní ti ọmọdé, ọmọ tó bá wà ní kíláàsì kẹrin l'Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ sí káàdì ọ̀fẹ́, láti September títí di ìparí August tó tẹ̀ lé e. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti gba ìwé rẹ̀, ní everykidoutdoors.gov. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ bá yín lọ, gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yóò sì wọlé láì sanwó ẹnu géètì.

Ọ̀fẹ́ náà ni káàdì àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ìdílé wọn, ọmọ Yorùbá sì wà nínú iṣẹ́ ológun níbẹ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà ń gba ti ọjọ́ ayé láti 2022. Ọmọ Amẹ́ríkà tàbí oní-green card tó bá ní àìlera ara tí kì í lọ, òun náà ní ti ọjọ́ ayé lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá mú ìwé ẹ̀rí dókítà tàbí ti ìjọba wá.

Ará ilé àti àlejò

Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, dọ́là 250 ni káàdì ọdọọdún fún ẹni tí kì í gbé l'Amẹ́ríkà. Láti rà á ní dọ́là 80, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò, tó jáde láti ọwọ́ ìjọba ibẹ̀ hàn, bíi ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà, ìwé ìwakọ̀ ìpínlẹ̀ tàbí green card.

Èyí tó tún wúwo jù ni pé ní ọgbà 11, àlejò tí kò ní káàdì ọdọọdún ń san dọ́là 100 lé orí owó ẹnu géètì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ń san án. Àwọn ọgbà náà ni Acadia, Bryce Canyon, Everglades, Glacier, Grand Canyon, Grand Teton, Rocky Mountain, Sequoia pẹ̀lú Kings Canyon, Yellowstone, Yosemite àti Zion. Àlejò kan ṣoṣo tó bá fẹ́ dé mẹ́ta nínú wọn yóò san dọ́là 300 lórí èyí nìkan, káàdì dọ́là 250 sì sàn fún un. Ẹni tó jẹ́ ọ̀kan péré ló fẹ́ dé, kò nílò rẹ̀. Àwọn ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣí géètì sílẹ̀ láàárín ọdún náà, ti ará ilé nìkan ni ní 2026. Bí àlejò láti Nàìjíríà bá máa wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ ka ìlànà ọgbà tí ẹ ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra.

Ohun tí káàdì kò kárí

Owó ẹnu géètì ni káàdì náà wà fún. Ẹni tó fẹ́ pàgọ́ sùn mọ́jú yóò san owó àgọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ni oníkáàdì àgbà máa ń san láwọn ibì kan. Níbi tí wọ́n ti ń ní kéèyàn gba àyè sílẹ̀ ṣáájú, káàdì kò gba ipò ìyẹn. Ère Statue of Liberty ní New York kò ní owó ẹnu géètì, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéni lọ ni à ń sanwó fún, káàdì kò sì kan ibẹ̀. Great Smoky Mountains náà kì í gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n láti March 2023 ni wọ́n ti ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí, dọ́là 5 lójúmọ́, káàdì kò sì kárí rẹ̀.

Bákan náà, ọgbà tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn tó wà ní Atlanta tó fẹ́ lọ sí Stone Mountain, àti àwọn tó ń lọ wo omi Niagara ní New York, kí wọ́n má ṣe gbójú lé e. Bí ẹgbẹ́ bá gba bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ arìnrìn-àjò, káàdì ẹnì kan kò lè kárí gbogbo èrò bọ́ọ̀sì.

A lè ra káàdì náà lẹ́nu géètì ọ̀pọ̀ ọgbà tó ń gbowó. Láti 2026, èèyàn tún lè rà á sínú fóònù lórí Recreation.gov. Kí ẹ mú káàdì báǹkì dání o, torí ọ̀pọ̀ ọgbà kì í gba owó bébà mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ẹ tó yọ owó lápò lọ́dún yìí, ẹ béèrè iye ọdún ìyá, kíláàsì tí ọmọ wà àti irú ìwé tó wà lọ́wọ́ kálukú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dọ́là 20 ti ìyá àgbà tàbí bébà ọ̀fẹ́ tí ọmọ yín tẹ̀ jáde ni yóò gbé gbogbo ilé wọlé.