Gbígbóná Ni A Ń Lu Irin: Wáyà Bàbà Ńkọ́?

Gbogbo wa ni a máa ń pa á lówe pé gbígbóná ni a ń lu irin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irin ni òwe náà dárúkọ. Ẹni tí ó ń fi wáyà bàbà, idẹ tàbí fàdákà ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí a máa fi iná mú un rọ̀, tútù ni ó sì ń tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ idẹ kì í ṣe àjèjì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ́ pé ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan ní Ìjẹ̀bú. Ẹdan Òṣùgbó tí a mọ̀ ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, idẹ ni. Ṣùgbọ́n yíyọ́ ni a ń yọ́ idẹ ẹdan. A kì í yọ́ wáyà.

Kí ló dé tí wáyà fi ń fẹ́ iná? Hóró kéékèèké tí ó so mọ́ra ni ó wà nínú bàbà. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́, ètò wọn a dàrú, wáyà a le, a sì kán. Iná ni í jẹ́ kí hóró tuntun rọ́pò àwọn tí ó dàrú.

Ká wáyà bí òṣùká, kí iná lè kàn án dọ́gba. Lo ewìrì tàbí iná gáàsì níbi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, nítorí ojú ni òṣùwọ̀n. Bí ó bá ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó tó. Bàbà a máa yọ́ ní ìwọ̀n 1,085 Celsius, fàdákà gidi ní 962. Wáyà tín-ín-rín kì í dúró de ẹni: bí a bá gbójú kúrò, fàdákà oníbàárà di kóró.

Àdá tí a fi iná pọ́n, tí a kì bọ omi, a le, nítorí èròjà èédú tí ó wà nínú irin rẹ̀. Bàbà tí a kì bọ omi kò ní le rárá. Ní ti idẹ, ẹ jẹ́ kí pípọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, kí ó má baà sán. Idẹ tí òjé wà nínú rẹ̀, bí a bá lù ú ní pípọ́n, ó lè fọ́.

Òwe wa kò parọ́. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni kí a máa bi alágbẹ̀dẹ léèrè, kí a tó fi òwe irin dá bàbà lẹ́jọ́.