Ìbejì ni Tọ́másì: Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ orúkọ inú Bíbélì di ìyìn àti èébú

Bí ènìyàn bá sọ fún òyìnbó pé òun kò ní í gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ àfi bí òun bá fi ojú ara òun rí i, kíákíá ni òyìnbó náà yóò pè é ní "doubting Thomas", èyíinì ni Tọ́másì oníyèméjì. Àwa náà ti kọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọ́fíìsì, àní ní ìdí ayò pàápàá, ẹni tí ó bá ti béèrè ẹ̀rí ti di Tọ́másì. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí? Ìbejì ni. Inú èdè Árámáíkì ni ó ti wá, ìdí sì nìyí tí Ìhìn Rere Jòhánù fi fi kún un pé Dídímù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gíríìkì ń pe ìbejì. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti bí i ni, Táíwò tàbí Kẹ́hìndé ni à bá máa pè é.

Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ní ti Tọ́másì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó ba orúkọ jẹ́. Ìhìn Rere kan náà tí ó ròyìn iyèméjì rẹ̀ ní orí 20 ni ó ròyìn ìgboyà rẹ̀ ní orí 11. Nígbà tí Lásárù kú, tí Jésù fẹ́ padà sí Jùdíà níbi tí wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ lókùúta pa, àyà àwọn ọmọ ẹ̀yìn já. Tọ́másì ni ó sọ fún àwọn yòókù pé kí gbogbo àwọn bá a lọ, bí ó bá sì jẹ́ ikú, kí àwọn bá a kú. Síbẹ̀, a kò tíì gbọ́ ọ kí òyìnbó pe akíkanjú ènìyàn ní Tọ́másì.

ORÚKỌ KAN, ÈNÌYÀN MÉJÌ

Ẹ jẹ́ ká tún gbé ti Júdásì yẹ̀ wò. Orúkọ yìí kan náà ni Júdà tí Léà sọ ọmọ rẹ̀ kẹrin nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ìyìn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó bá Ìyìnolúwa tiwa tan. Nígbà ayé Jésù, orúkọ náà wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé méjì nínú àwọn àpọ́sítélì méjìlá ni ó ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìskáríótù ti gba ọgbọ̀n owó fàdákà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín orúkọ náà sí méjì: wọ́n fi Judas sílẹ̀ fún ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì pe èkejì ní Jude. Bíbélì Yorùbá náà tẹ̀lé ọ̀nà yìí, Júdásì lọ́tọ̀, Júdà lọ́tọ̀. Lónìí, àwọn tí ń jẹ́ Jude pọ̀ nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọmọ tuntun dání tí yóò sọ ọ́ ní Júdásì? Àní òyìnbó a máa fi orúkọ náà pe ẹran. "Judas goat" ni wọ́n ń pe ewúrẹ́ tí wọ́n kọ́ láti máa ṣáájú àwọn àgùntàn wọ ilé ìpẹran, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì yọ́ jáde láìfarapa.

Ibì kan wà tí Bíbélì wa ti mọ́lẹ̀ ju tiwọn lọ. James àti Jacob, orúkọ kan náà ni wọ́n. Láti ẹnu àwọn tí ń sọ Látìn ni ìpè rẹ̀ ti yí padà títí tí ó fi di James lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Bíbélì Yorùbá, Jákọ́bù ni baba ńlá àwọn Ísírẹ́lì, Jákọ́bù náà ni àpọ́sítélì ọmọ Sébédè. Ẹni tí ó bá sọ ọmọ kan ní James, tí ó tún sọ àbúrò rẹ̀ ní Jacob, ó ti sọ ọmọ méjì ní orúkọ kan láìmọ̀.

JÉSÉBÉLÌ ÀTI ILẸ̀ NÁBÓTÌ

Èyí tí ó dun ni jù ni ti Jésébélì. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ pè ní oníṣekúṣe tàbí afàwọ̀rajà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà nígbà òwò ẹrú, èébú yìí ni wọ́n fi bo àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé ara wọn kì í gbà wọ́n, kí ọ̀gá tí ó fi tipátipá bá ẹrú rẹ̀ sùn lè rí àwáwí. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ọmọbìnrin tí ó kun ètè, tí ó wọ ṣòkòtò, tàbí tí ó lẹ irun mọ́ orí, òun ni àwọn kan ń nàka sí láti orí pẹpẹ pé Jésébélì ni.

Kí ni obìnrin náà ṣe gan-an? Ẹ ṣí ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 21. Áhábù ọba fẹ́ gba ọgbà àjàrà Nábótì, Nábótì ní òun kò lè ta ogún baba òun. Ayaba kọ ìwé ní orúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba tẹ̀ ẹ́, ó bẹ ẹlẹ́rìí èké méjì lọ́wẹ̀, wọ́n sì sọ Nábótì lókùúta pa. Tìróò tí gbogbo ayé ń sọ, ọjọ́ tí ikú rẹ̀ dé ni ó lé e, ìyẹn wà nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 9. Lóòótọ́, Jéhù bú u pé alágbèrè ni, ṣùgbọ́n ìbọ̀rìṣà ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń sọ. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ lo orúkọ náà bí ó ti tọ́, ajagungbalẹ̀ tí ó gbé ayédèrú ìwé ilẹ̀ lọ sí kóòtù ni kí a máa pè ní Jésébélì, kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ tí ó lé tìróò.

ÈÉBÚ TÍ Ó DI ÌYÌN

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó bàjẹ́. Nígbà ayé Jésù, àwọn Júù àti àwọn ará Samáríà kì í jẹ nínú àwo kan. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù, orí 8, nígbà tí àwọn Júù fẹ́ bú Jésù, ará Samáríà ni wọ́n pè é. Òwe kan ṣoṣo, ti ọkùnrin tí ó wo ọgbẹ́ ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù ní ojú ọ̀nà Jẹ́ríkò, ni ó sọ èébú yìí di oríkì. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Chad Varah bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígbọ́ tẹlifóònù àwọn tí ó fẹ́ pa ara wọn. Samaritans ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ títí di òní. Ní Amẹ́ríkà, òfin "Good Samaritan" ni wọ́n ń pe òfin tí ń dáàbò bo ẹni tí ó bá ran ẹni tí ó fara pa lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà níbí, òfin 2017 pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Òfin náà kò dárúkọ Samáríà, ṣùgbọ́n ọ̀nà Jẹ́ríkò ni ó ń tọ̀. Àwọn ará Samáríà gan-an ṣì wà láyé ní ẹ̀bá Òkè Gérísímù àti ní Holon, bí wọn kò tilẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kan.

Ẹ̀fẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Àwọn tí ń ta wáìnì ṣáńpéènì fi orúkọ ọba pe ìgò ńláńlá: Jeroboam gba líta 3, Nebuchadnezzar gba líta 15. Methuselah, tí ó lo ọdún 969 láyé, gba líta 6.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ní Freetown ní 1825, ó gba orúkọ àlùfáà òyìnbó kan, Samuel Crowther, ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù, nítorí orúkọ náà sọ bí ó ṣe dojúbolẹ̀ wáyé. Àwa tí a ń jẹ́ Michael, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé "ta ni ó dà bí Ọlọ́run?" ni à ń jẹ́, Tanítólúwa gan-an. Matthew kò jìnnà sí Ẹ̀bùnolúwa. Ẹ bi ara yín ní ìtumọ̀ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Bí ọmọ yín bá sì ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí ó ní olùkọ́ pe òun ní Tọ́másì nítorí pé òun béèrè ìdí ọ̀rọ̀, ẹ sọ fún un pé Tọ́másì yẹn kan náà ni ó ṣetán láti bá ọ̀gá rẹ̀ kú.