Bí Ohùn Obìnrin Ṣe Dórí Àwo

Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé ọdún 1976. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá mọ́tò Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí ìjọba Nàìjíríà, dúró n'Íkòyí l'Ékòó, ibẹ̀ làwọn ṣọ́jà tó fẹ́ gbàjọba ti yìnbọn pa á. Kò tíì pé oṣù méje tó dé orí àléfà. Rédíò kẹ́dùn, ìwé ìròyìn kẹ́dùn, àwọn olórin náà ò sì gbẹ́yìn. Àmọ́ nínú gbogbo àwo tí wọ́n fi ṣọ̀fọ̀ olórí ìjọba náà, èyí tó wọlé jù ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin tí kò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ló kọ ọ́. Salawa Abeni ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, wákà ló sì fi dárò. Ilé iṣẹ́ Leader Records ti Lateef Adepoju ló gbé àwo náà jáde. Wọ́n ní ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iye yẹn, torí àwọn tó dàgbà nígbà náà ṣì lè gbé orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìwo ibì kankan.

Kì í ṣe pé obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọrin. Ta ló ń sun ẹkún ìyàwó? Ta ló ń ki ọkọ àti ọmọ ọkọ láàárọ̀ kùtù? Níbi wòlímọ̀, níbi ìkómọ, lọ́jọ́ tí Alájì bá ti Mẹ́kà dé, àwọn obìnrin oníwákà ló ń gba ojúde kan. Bàtílì Àlàké, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ti sọ wákà di iṣẹ́ kí wọ́n tó bí Salawa, òun náà ló sì kọ́kọ́ gbé e wọ inú àwo. Àmọ́ kí wákà tó dórí àwo, bí ìnáwó bá ti parí, orin náà parí nìyẹn. Ẹni tí kò sí lóde kò gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ẹ̀wẹ̀, ègbè ni wọ́n sábà máa ń fi obìnrin gbé, orúkọ ọ̀gá nìkan ló ń hàn lára páálí.

Ẹ jẹ́ ká wo àwo fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ohùn nìkan. Àwo àtijọ́, èyí tó ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Bó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó fọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ wákà yóò mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta kò tó ìjúbà. Olórin ò tíì kí Ọlọ́run tán, kò tíì kí àgbà, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé e wá sóde, abẹ́rẹ́ ti dé ìdí àwo. Nígbà tí ẹ́lípíì wá gbòde, èyí tó ń yí nígbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, ojú kan lè gba bí ogún ìṣẹ́jú. Àwọn oníwákà, oní-jùjú àti oní-fújì kò jáfara. Wọ́n lé orin látìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo dé òpin rẹ̀ láìdánudúró: ìbà, òwe, ìlù á gbà á fúngbà díẹ̀, oríkì Alájì yìí, oríkì Alájà yẹn, kí wọ́n tún padà sórí ohun tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Gbogbo bí wákà ṣe rí lóde ló fi bọ́ sínú ẹ́lípíì. Lójú tèmi, ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin yìí nìyẹn ju ìfẹ́ inú oníléeṣẹ́ kankan lọ.

Owó náà sì wà nígboro. Epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba Gowon sì gba ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ Udoji ní 1974, wọ́n fowó kún owó oṣù, wọ́n san àjẹẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí bàbá yín fi owó Udoji rà. Bí kì í bá ṣe kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù, rédíògíràmù ni, èyí tó fẹ̀ bíi pósí, tí wọ́n á fi aṣọ funfun bò ní pálọ̀, tí ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Rédíògíràmù sì gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn ìyálọ́jà náà ń ra àwo, pàápàá èyí tí wọ́n kì wọ́n nínú rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú àwo kì í ra ẹyọ kan ṣoṣo.

Bí ọjà ṣe fẹ̀ ni oríṣiríṣi ohùn ń wọlé. Madam Comfort Omoge gbé àṣíkò Ìkálẹ̀ dé ilé àwọn tí kò dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ rí. Queen Oladunni Decency gbé gìtá kọ́rùn, ó ń darí ẹgbẹ́ jùjú tirẹ̀, Her Unity Orchestra, lágbo tí ọkùnrin ti gbà pé tàwọn ni. Kò pẹ́ láyé. Láti apá ìlà-oòrùn, Nelly Uchendu gbé Love Nwantiti jáde ní 1976, Christy Essien sì tẹ̀lé e ní 1977 pẹ̀lú Freedom.

Àmọ́ àwọn tí mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀ ni àwọn ìbejì, Taiwo àti Kehinde Lijadu. Jos ni wọ́n ti bí wọn ní 1948, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ẹbí sì ni wọ́n jẹ́ sí Fela. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Decca ti gba orin wọn sí àwo kékeré. Ní 1972, wọ́n bá Salt, ẹgbẹ́ Ginger Baker, òyìnbó onílù nì, lọ kọrin ní Munich lásìkò ìdíje Òlíḿpíìkì. Lẹ́yìn náà ni ẹ́lípíì mẹ́rin wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ Afrodisia, ọdọọdún bí ọdún iṣu: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Biddy Wright, ọkùnrin tó ń ta gìtá tó sì mọ ohun èlò púpọ̀ lò, ló bá wọn to orin náà.

Àwọn fúnra wọn ló ń kọ orin wọn, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì ki olówó kankan. Wọ́n bá ìjọba wí, wọ́n bá olófòófó wí. Ẹ gbé Orere-Elejigbo, tó wà nínú Horizon Unlimited, sórí ṣéńjà kí ẹ tẹ́tí. Ìtàn àbáláyé tí wọ́n ń pa fọ́mọdé ni wọ́n fà yọ, àmọ́ báàsì àti gìtá tó wà lábẹ́ rẹ̀, ti òde ijó ni. Ohùn méjèèjì kò jìnnà síra wọn rárá. Ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti Taiwo, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti Kehinde tí í ṣe ẹ̀gbọ́n. Wọn kì í pariwo. Níbi tí olórin mìíràn á ti lọgun, ńṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á gbọ́ òun.

Wọ́n sọ ọ́ síta láìbò pé àwọn oníṣẹ́ orin kò ka obìnrin sí, pé wọ́n ń fi owó tó tọ́ sí wọn dù wọ́n. Lẹ́yìn 1979, ẹ́lípíì tuntun kò tún wá. Ní 1984, ilé iṣẹ́ Shanachie l'Amẹ́ríkà ṣa àwọn orin wọn àtẹ̀yìnwá jọ sínú Double Trouble. Wọ́n bá King Sunny Ade lọ kọrin l'Amẹ́ríkà ní 1988, New York ni wọ́n sì fìdí sí. Ní 1996, Kehinde ṣubú, ó fi ọ̀pá ẹ̀yìn pa. Ni a ò bá gbọ́ wọn mọ́.

Nílé níbí, àwo fúnra rẹ̀ ń kógbá sílé. Kásẹ́ẹ̀tì dé, ó rọ̀ jọ, ó ṣeé gbọ́ nínú mọ́tò, ó sì ṣeé jí dà kọ. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, wọlé ní 1986 tí náírà ń já, ohun èlò ìtẹ àwo tó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n gógó. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń rìn, ilé ìtẹ àwo ti ń tilẹ̀kùn. Salawa bá kásẹ́ẹ̀tì lọ, òkìkí rẹ̀ ò sì dínkù; nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí fi í jẹ Queen of Waka ní 1992, orúkọ tí àwo ti fún un tipẹ́ ni ọba kàn fọwọ́ sí. Rédíògíràmù bàbá di ibi tí wọ́n ń to fọ́tò sí.

Òyìnbó ló tún dá àwọn Lijadu padà sórí igbá. Àwọn tó ń ṣa àwo kiri ayé ti ń du Danger mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí Knitting Factory Records tó tún ẹ́lípíì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ ní 2011 sí 2012. Ní 2014, àwọn ìbejì tún gorí pèpéle pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó ń kọ orin William Onyeabor. Kehinde kú ní oṣù Bélú ọdún 2019. Numero Group tún wá tẹ Horizon Unlimited ní 2024. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà Udoji ló ń rà á.

Ibi tó dùn mí ni pé wákà kò rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tún àwo tẹ̀ lókè òkun ń wá ohun tí wọ́n lè jó sí, orin ìṣẹ́jú márùn-ún tó ní gìtá oníná. Orin ogún ìṣẹ́jú tó ń ki Alájì tí wọn ò mọ̀ kò yé wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gbọ́ èdè ló jẹ̀gbádùn jù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àwo wákà bẹ́ẹ̀ wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí igun páálí, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ pé kí ẹni tó bá yá a dá a padà. Ẹni náà ò dá a padà, ìyẹn ló fi dé ọ̀dọ̀ mi.

Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má tò ó léra lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ nà á ró bí ìwé, níbi tí oòrùn ò dé, nítorí ooru ń ká àwo kò. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ tó rọ̀ ti tó láti fọ̀ ọ́, kí ẹ máa nù ún tẹ̀lé bí ìlà rẹ̀ ṣe yí, kí omi má kan ìwé àárín. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó gbé e sí i. Abẹ́rẹ́ tó ti kú ló ń ha àwo jù. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ojú kejì. Ibẹ̀ ni oríkì ìyá yín lè wà.