IC Tí Apá Wa Ká

Mìlímítà 2.54 ni àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ IC àtijọ́ kan sí èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe aago ìkìlọ̀ tàbí ẹ̀rọ tí yóò máa tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Makutu, ní ilẹ̀ Òkun, inú àlàfo yẹn ni yóò ti rí ìrọ̀rùn. Bó bá fún jù, léèdì á so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, microcontroller, ìyẹn IC tó ń darí ẹ̀rọ náà, sì lè kú kó tó ṣe iṣẹ́ kankan. Kí a tó rí òmíràn, ó di kí a ránṣẹ́ sí Ìlọrin tàbí Èkó.

Àwọn tó dá àlàfo náà sílẹ̀ ò rò tiwa mọ́ ọn rárá. Ní 1962, Yung Tao, òṣìṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà, ṣe IC pẹlẹbẹ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbalaja sí ẹ̀gbẹ́. Irú rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà tó tọ́ ọkọ̀ Apollo sọ́nà dé òṣùpá, àmọ́ jíjó o mọ́ páńẹ́lì jẹ́ iṣẹ́ àṣelàágùn. Ní 1964, Bryant Rogers, Don Forbes àti Rex Rice ní ilé-iṣẹ́ Fairchild tẹ ẹsẹ̀ náà wálẹ̀. Wọ́n tò ó sí ìlà méjì, méje níhìn-ín, méje lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ínṣì, ìyẹn mìlímítà 2.54, sí àárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Kí ẹsẹ̀ lè wọ ihò páńẹ́lì wọ́ọ́rọ́wọ́, kí odindi páńẹ́lì sì kọjá lórí léèdì yíyọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n pè é ní DIP.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń kẹ̀yìn sí DIP. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ àti àwọn tó ń fi ṣeré ló kù sídìí rẹ̀.

Àwọn ni Massimo Banzi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Arduino, páńẹ́lì oní-microcontroller, ní Ivrea, Ítálì, ní 2005. Lórí Arduino Uno tó jáde ní 2010, microcontroller ATmega328P tó jẹ́ DIP ẹlẹ́sẹ̀ 28 jókòó sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá jóná, wọn á fi ṣúkúdiráfà yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lápá méjèèjì, wọn á tẹ tuntun wọlé, ó parí. Ní 2011, DIP yìí wọ́n lọ́jà débi pé wọ́n ní láti ṣe Uno mìíràn tó ń lo èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú páńẹ́lì.

ATmega328P kan náà wà ní ìrísí mìíràn. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ 32, àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.8, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ lè fi flux jó o. Èyí tí wọ́n ń pè ní MLF ò lẹ́sẹ̀ rárá. Mìlímítà márùn-ún ni ìbú àti òró rẹ̀, ó fi ikùn lélẹ̀ sórí léèdì, ẹnu irin ìjóléèdì ò sì lè dé abẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná ló ń yọ́ léèdì abẹ́ rẹ̀. Níbi tí iná NEPA ti ń ṣẹ́jú, tí irin ń tutù lọ́wọ́ ẹni, ta ni yóò dán an wò?

 

Àwọn tuntun pàápàá ò lè sá fún àlàfo 1964. Microcontroller RP2040 tí Raspberry Pi gbé jáde ní 2021 kéré ju ohun tí ọwọ́ lè jó lọ: ojú 56, àlàfo mìlímítà 0.4. Wọ́n bá jó o mọ́ páńẹ́lì Pico fún wa, wọ́n sì dá ihò 40 sí etí rẹ̀. Mìlímítà 2.54 ló wà láàárín ihò kan sí èkejì.

Tèmi ni pé kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mú DIP, kó sì jó sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ páńẹ́lì dípò IC fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń rán èèyàn sí Computer Village ní Ikeja, ẹ kọ ATmega328P-PU sínú ìwé fún un. Ẹ ṣọ́ lẹ́tà méjì ìparí yẹn dáadáa, torí bó bá mú AU dé, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ MU, aláìlẹ́sẹ̀ ni.