Yìnyín orí òkè Kilimanjaro ń yọ́ lọ: kí ayafọ́tò tó bá fẹ́ gbéra láti Accra tètè múra

Iṣẹ́ fọ́tò kì í ṣe nǹkan àjèjì ní ìlú Accra. James Barnor, tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́dún 1929, dá ilé-ìyafọ́tò Ever Young sílẹ̀ ní Jamestown ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Lọ́dún 2021, gbọ̀ngàn Serpentine ní London pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún aráyé wò. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ló pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán náà. Ẹni tó bá ń wá oòrùn tó ń yọ lórí òkè tí yìnyín bò kò lè rí i ní Ghana, nítorí Afadjato, òkè tó ga jù níbẹ̀, kò ju mítà 885 lọ. Kilimanjaro ní Tanzania, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 5,895, ni yóò kọjú sí.

Ìrìn àjò náà kò ṣe é fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Nígbà tí míṣọ́nnárì ará Jámánì kan, Johannes Rebmann, sọ pé òun rí yìnyín lórí òkè yìí lọ́dún 1848, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní London fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní báwo ni yìnyín ṣe lè wà níbi tí oòrùn ti ń mú tó bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ láti ọdún 1912, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún yìnyín àtayébáyé náà tó ti yọ́ dànù. Lọ́dún 2022, àjọ UNESCO kìlọ̀ pé ìyókù lè pòórá kó tó di ọdún 2050.

Àkókò ló ṣáájú nínú ètò. Oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, àti oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù. Òjò ńlá àárín wọn ń mú yìnyín tuntun wá, ṣùgbọ́n ìkùukùu rẹ̀ ń bo oòrùn. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ló ṣeé ṣe kí ènìyàn rí méjèèjì pọ̀.

Ìlera ló tẹ̀ lé e. Etí òkun ni Accra wà. Lórí Kilimanjaro, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sínú fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ti etí òkun lọ. Àìsàn tí èyí ń fà lè pa ènìyàn. Ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ kí wọ́n fi gun òkè náà. “Pole pole” ni àwọn afinimọ̀nà ibẹ̀ máa ń sọ, ìyẹn ni pé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí orí ń fọ́, tó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, kó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Fọ́tò kò tó ẹ̀mí. Kó má sì gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, nítorí wọn yóò béèrè rẹ̀ ní ibodè Tanzania.

Láàárín òru ni wọ́n ń gbéra ní àgọ́ Barafu, orúkọ tó túmọ̀ sí yìnyín lédè Swahili. Ẹni tó bá ṣírò àkókò dáadáa yóò wà ní Stella Point, ní mítà 5,756, nígbà tí oòrùn bá ń yọ láti apá òkè Mawenzi ní nǹkan bíi aago mẹ́fà ààbọ̀. Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ló ń lù ní Accra nígbà náà.

Òtútù máa ń tètè pa agbára bátìrì, nítorí náà abẹ́ aṣọ ni kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Funfun yìnyín a máa tan kámẹ́rà jẹ, àwòrán a sì dà bí eérú. Kí ayafọ́tò fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Kó tó gbé kámẹ́rà wọ inú àgọ́ tó móoru, kó kọ́kọ́ dì í sínú ọ̀rá, kí omi má baà sẹ̀ sí i lára.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gun òkè lè dúró ní ọgbà ẹranko Amboseli ní Kenya, kó ya òkè náà láti òkèèrè ní ìdájí, kí ìkùukùu tó bò ó.

Rebmann kò ní fọ́tò tó lè fi pa àwọn ẹlẹ́yà rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní Accra lónìí lè dàgbà tán kó má bá yìnyín àtayébáyé náà mọ́. Fọ́tò tí wọ́n bá yà báyìí ni yóò jẹ́rìí fún un pé ó ti wà rí.