Páàdì Géèmù Kò Gba Ṣáàjì? Ẹ Má Tíì Jù Ú Nù

Láti àárọ̀ ni páàdì PlayStation ọmọ ti wà lórí iná, síbẹ̀ kò gba ṣáàjì. Kí òbí tó náwó lé òmíràn, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n gbé e sí. Ní àdúgbò Maourey nílùú Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger, ooru oṣù Kẹrin sábà máa ń kọjá 40°C. Bẹ́ẹ̀, láàárín 10°C sí 30°C ni Sony ní kí á ti máa ṣáàjì páàdì. Ẹ gbé e síbi tó tutù.

Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ wáyà. Òmíràn ti já nínú láìhàn síta. Ẹ yọ páàdì kúrò lórí iná, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò wáyà: eruku ọyẹ́ lè ti dí i. Igi ìtayín gbígbẹ ni kí ẹ fi rọra yọ ọ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n bí páàdì bá wú, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́. Bátìrì lithium tó wú lè gbiná. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tú u. Ẹ gbé e lọ fún atúnṣe. Páàdì ṣeé rà, ọmọ kò ṣeé rà.