Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Gbòǹgbò Ọkà

Nílùú Enugu, tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè Udi, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó máa ń gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí yóò dá gbòǹgbò àgbàdo náà sí ni ojú lásán kò lè rí. Nínú gíráàmù erùpẹ̀ kan ṣoṣo, bakitéríà, ìyẹn àwọn abẹ̀mí àìfojúrí, lè tó bílíọ̀nù kan. Àárín wọn ni Fusarium ń gbé, ìyẹn fúngọ́ọ̀sì kan, ìbátan olú, tí ó máa ń wọ inú gbòǹgbò àgbàdo tí ó sì ń mú gbòǹgbò àti pòròpórò rẹ̀ jẹrà.

Gbòǹgbò kò sí láìní ẹ̀ṣọ́. Ó máa ń tú ṣúgà àti àwọn èròjà mìíràn sínú erùpẹ̀ tí ó yí i ká, èyí tí ó ń fa bakitéríà Pseudomonas àti Bacillus mọ́ra; àwọn wọ̀nyí a gba ibùgbé àti oúnjẹ tí ọ̀tá ì bá gbà, wọn a kó irin inú ilẹ̀ tí ọ̀tá náà nílò láti dàgbà, wọn a sì ṣe èròjà olóró tí ó ń pa á. Trichoderma ní tirẹ̀, tí òun náà jẹ́ fúngọ́ọ̀sì, a máa lọ́ mọ́ fọ́nrán fúngọ́ọ̀sì tí ń fa àrùn, a sì jẹ ẹ́.

Ara àlìkámà ni ẹ̀rí èyí ti hàn jù lọ. Àrùn take-all, tí ń mú kí gbòǹgbò àlìkámà dúdú kí ó sì jẹrà, máa ń le sí i bí wọ́n bá ń gbin àlìkámà léraléra sórí ilẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. James Cook, David Weller àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Pullman, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé Pseudomonas ni ó máa ń pọ̀ sí i lára gbòǹgbò tí ó sì ń borí àrùn náà. Bí a bá fi ooru pa àwọn abẹ̀mí inú ilẹ̀ tí àrùn náà ti rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀, agbára ilẹ̀ náà láti borí àrùn a pòórá. Bí a bá sì po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ mìíràn, agbára náà a bá a lọ.

Nítorí náà, bí òjò Enugu ti ń ṣan ọ̀rá ilẹ̀ lọ, ó yẹ kí a dẹ́kun sísun pòròpórò lẹ́yìn ìkórè, kí a jẹ́ kí ó jẹrà sínú ilẹ̀, kí a fi ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa kún un, kí a sì máa gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tẹ̀lé àgbàdo, torí pé ohun tí ó bá jẹrà sínú ilẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí.